Ilẹ̀kùn Yunifásítì àti Ọmọ Aláìní

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi Ìpàdé Ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìtẹ̀síwájú Ìlú Wa)

   

Nígbà tí Akọ̀wé Ẹgbẹ́ kọ̀wé sí wa pé kí a wá sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀kọ́, a rò ó lọ, a rò ó bọ̀. Ọdọọdún ni a ń sọ ọ́ nínú gbọ̀ngàn yìí pé ẹ̀kọ́ dára. Kò sí ẹnì kan nínú wa tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí a kò tíì jókòó sọ ni èyí: ta ni ń san owó ẹ̀kọ́ gíga? Ta ni ń jẹ àǹfààní rẹ̀? Kí ni ó sì ń ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tí Ọlọ́run fún ní ọgbọ́n ṣùgbọ́n tí òbí rẹ̀ kò ní owó lọ́wọ́? Èyí ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ara balẹ̀ fún wa, nítorí apá kan nínú ọ̀rọ̀ náà kan àwa fúnra wa, kò sì dùn ún sọ.

OHUN TÍ OJÚ WA RÍ

Ó ti lé ní ogún ọdún tí a ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìlú yìí. Ní ọdún tí ó kọjá, ọmọbìnrin kan wà nínú kíláàsì àgbà tí a ń kọ́. Bàbá rẹ̀ ti kú. Ìyá rẹ̀ ń ta ẹ̀kọ. Ọmọ náà ṣe ìdánwò àṣejáde, ó yege. Ó ṣe ìdánwò JAMB, ó yege. Ó ṣe èyí tí yunifásítì fúnra rẹ̀ ń ṣe, ó tún yege. Orúkọ rẹ̀ jáde láti lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ìyá rẹ̀ sì jó yí agboolé ká.

Ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ náà ní kí ẹni tí a bá gbà wọlé san owó tí ó fi hàn pé ó gba àyè náà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a ó fi àyè náà fún ẹlòmíràn. Owó náà kò tó iye tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi ra aṣọ ẹbí fún ìnáwó kan ṣoṣo. Ìyá ọmọ lọ bá olórí àjọ rẹ̀. Kò tíì kàn án láti kó. Ó lọ bá àbúrò ọkọ rẹ̀. Onítọ̀hún ní òun náà ń wá owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ tòun. Ìtìjú kò jẹ́ kí ó wá bá wa títí ó fi di ọjọ́ tí ó kẹ́yìn. Àwa olùkọ́ mẹ́rin da àpò wa dé ilẹ̀, owó náà sì pé ní alẹ́ ọjọ́ náà. Báńkì ti sé. A gbìyànjú láti fi ẹ̀rọ san án, kò wọlé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àyè ti bọ́.

Ọmọ náà ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ báyìí. Iṣẹ́ aránṣọ kì í ṣe iṣẹ́ àbùkù, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ọmọ náà yàn. Ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé aránṣọ kọ́ ni ilé ìwòsàn ìlú wa ń wá kiri.

Ibi tí ó kàn wá nìyí. Ní oṣù kan náà, Ẹgbẹ́ wa fún ọmọ márùn-ún ní ẹ̀bùn owó ẹ̀kọ́. A pè wọ́n jáde níwájú Kábíyèsí, a pàtẹ́wọ́, a ya fọ́tò. Àwa wà nínú ìgbìmọ̀ tí ó yàn wọ́n. Máàkì nìkan ni a wò, a sì mú márùn-ún àkọ́kọ́. Ọmọ alẹ́kọ ni ó ṣe ìkẹfà. Mẹ́rin nínú àwọn márùn-ún jáde láti ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni, wọ́n ní olùkọ́ tí ń wá kọ́ wọn nílé ní ìrọ̀lẹ́, owó yunifásítì wọn sì ti wà nílẹ̀ kí a tó pè wọ́n. Ọ̀kan nínú àwọn bàbá wọn dá owó náà padà sínú àpò Ẹgbẹ́, ó ní kí a wá ẹni tí ó nílò rẹ̀ jù. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ojú sì tì wá.

Ọmọ tí ń jí lọ ọkà fún ẹ̀kọ kí ó tó wá sí ilé-ẹ̀kọ́, tí ó sì ń kiri kí ó tó ka ìwé ní alẹ́, tí ó tún ṣe ìkẹfà ní gbogbo ìlú, ṣé ọmọ náà kò sáré tó ẹni tí ó ṣe ìkínní? Bí ènìyàn méjì bá jọ sá eré, tí ọ̀kan ru igi, tí èkejì kò ru nǹkan kan, ǹjẹ́ ẹni tí ó kọ́kọ́ dé nìkan ni a ó yìn?

BÍ ÀWỌN BÀBÁ WA TI ṢE É

Ọ̀rọ̀ dídá owó jọ fún ọmọ ìlú láti kàwé kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ní ọdún 1938, ẹgbẹ́ àwọn ará Ìbíbíò, ní ìhà gúúsù ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè wa, dá owó láàárín ara wọn, wọ́n sì fi rán ọmọ mẹ́fà lọ sí òkè òkun láti kẹ́kọ̀ọ́. Nígbà náà, kò tíì sí yunifásítì kan ṣoṣo ní ilẹ̀ Nàìjíríà; ọdún 1948 ni Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì ti Ìbàdàn tó bẹ̀rẹ̀, lábẹ́ Yunifásítì ti Lọ́ńdọ̀nù. Ní ilẹ̀ tiwa, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ìlú ni ó ṣe bẹ́ẹ̀. Bàbá àgbẹ̀ tí kò mọ A yàtọ̀ sí B ń mú ṣílè wá sí ìpàdé kí ọmọ ẹlòmíràn lè di dókítà tàbí lọ́yà.

Lẹ́yìn náà ni ìjọba gbé ẹrù náà. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1962, Yunifásítì ti Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni. Níbo ni owó náà ti wá? Owó orí wà nínú rẹ̀, owó kòkó sì wà nínú rẹ̀. Àwọn tí ó gbé kòkó lọ sí ọjà kò wọ yunifásítì rí, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì rí ọmọ tiwọn wọ ibẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ yìí, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ohun tí a fẹ́ sọ dúró lé. Gbogbo ìlú ni ń san owó yunifásítì ìjọba: ẹni tí ń ra ọṣẹ, ẹni tí ń ra epo, ẹni tí ń san owó orí ní ìdí iṣẹ́. Bí gbogbo ìlú bá ń san án, tí ó sì jẹ́ pé ọmọ ẹni tí ó ní lọ́wọ́ nìkan ni ó ń ráyè wọlé, aláìní ni ó ń san owó ẹ̀kọ́ fún ọmọ olówó. Ìwà àìtọ́ ni èyí, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ gbèrò rẹ̀.

OHUN TÍ Ó TI ṢẸLẸ̀ LÁTI ÌGBÀ NÁÀ

Ní ọdún 1977, ìjọba ológun kéde pé a kò ní gba owó ìkọ́ni mọ́ ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀. Inú gbogbo ènìyàn dùn. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1978, nígbà tí a fi kún owó oúnjẹ àti owó ibùgbé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tú síta káàkiri orílẹ̀-èdè, ẹ̀mí sì ṣòfò. Ẹ̀kọ́ tí èyí kọ́ wa ni pé owó ìkọ́ni nìkan kọ́ ni owó ẹ̀kọ́. Ọmọ tí a kò gba owó ìkọ́ni lọ́wọ́ rẹ̀ yóò jẹun, yóò sùn, yóò wọkọ̀, yóò ra ìwé.

Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, ní ìpín kejìdínlógún, sọ pé kí ìjọba pèsè ẹ̀kọ́ yunifásítì lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà tí agbára rẹ̀ bá ká a. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ti sọ ọ́: “nígbà tí agbára bá ká a.” Òfin kan náà sì sọ ní ìpín kẹfà pé ẹnikẹ́ni kò lè pe ìjọba lẹ́jọ́ lórí àwọn ìpinnu bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ìlérí ni. Kì í ṣe gbèsè tí a lè fi ìwé kóòtù gbà.

Ẹ jẹ́ kí a wo nǹkan mẹ́ta tí ó ṣẹlẹ̀ nítòsí wa.

Èkínní ni ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó. Ní ọdún 2011, ìjọba ìpínlẹ̀ náà gbé owó ilé-ẹ̀kọ́ kúrò ní 25,000 náírà, ó sọ ọ́ di iye tí ó bẹ̀rẹ̀ láti 193,750 títí dé 348,750 náírà, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ tí oníkálùkù ń kọ́. Kí ni ó ṣẹlẹ̀? Iye àwọn ọmọ tuntun tí ń wọlé dín kù gidigidi. Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ wà, olùkọ́ wà, akẹ́kọ̀ọ́ kò tó. Ní ọdún 2014, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ẹ̀bẹ̀ àti ìwọ́de, ìjọba dá owó náà padà sí 25,000. Àwọn tí wọ́n pàdánù àyè wọn láàárín ọdún mẹ́ta náà, ta ni yóò dá ìgbà wọn padà?

Èkejì ni ti Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọdún 1990 ni a dá a sílẹ̀. Nígbà tí a yọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́ ní ọdún 1991, àwọn ìpínlẹ̀ méjèèjì jọ ni ín. Nígbà tí ó yá, owó tí ó yẹ kí wọ́n máa fi ṣọwọ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ kò lọ déédéé mọ́, ìyanṣẹ́lódì sì sọ yunifásítì náà di títì fún ìgbà pípẹ́ ní ọdún 2016 àti 2017. Ní ọdún 2020 ni Ọ̀yọ́ tó di oníǹkan kan ṣoṣo. Ọbẹ̀ tí ìyàwó méjì jọ ń sè, tí ẹnì kínní ń retí kí ẹnì kejì fi iyọ̀ sí i, ọmọ ni ó ń jẹ ẹ́ ní àtẹ́.

Ẹ̀kẹta ni ti Yunifásítì ti Èkó, tí ó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. Ní ọdún 2023, a gbé owó tí akẹ́kọ̀ọ́ ń san kúrò ní nǹkan bí 19,000 náírà sí iye tí ó lé ní 100,000. Àwọn aláṣẹ ní owó iná àti owó ohun èlò ti ga ju bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ, a kò sì lè sọ pé irọ́ ni wọ́n pa. Bí ìjọba bá dín ọwọ́ kù nínú owó tí ó ń fún yunifásítì, yunifásítì kò ní ibòmíràn tí yóò yíjú sí bí kò ṣe àpò òbí.

Àwọn kan yóò bi wá pé ṣé ìjọba kò ná owó kankan ni. Ó ń ná an. Láti ọdún 1993 títí di òpin ọdún 2025 ni òfin fi ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ máa san owó orí ẹ̀kọ́ lórí èrè wọn, ìdá 2 nínú 100 nígbà náà, tí ó di ìdá 3 ní ọdún 2023. Owó yìí ni àjọ TETFund fi kọ́ gbọ̀ngàn, tí ó fi ra ohun èlò, tí ó sì fi rán olùkọ́ lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i. Ó dára, ṣùgbọ́n ilé àti ohun èlò ni ó ń ṣe. Kì í fún ọmọ alẹ́kọ ní owó ọkọ̀.

Ẹ̀YÁWÓ ÀWỌN AKẸ́KỌ̀Ọ́

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀yáwó tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ òbí ni ó ti wá bi wá léèrè, ẹ̀rù sì ń ba àwọn mìíràn.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ìjọba dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ láti máa yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn yá a, àwọn tí ó san án padà kò tó nǹkan, ìgbìmọ̀ náà sì rẹ̀yìn. Ní ọdún 1993, a sọ ọ́ di báńkì ẹ̀kọ́. Ìyẹn náà kò fìdí múlẹ̀. Ẹni tí ó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n.

Òfin tuntun jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2023. Ní àkọ́kọ́, ó ní kí ó jẹ́ ọmọ tí owó tí ń wọlé fún ìdílé rẹ̀ kò tó 500,000 náírà lọ́dún ni yóò rí i gbà, ó sì ní kí ọmọ náà wá onígbọ̀wọ́ tí ó wà ní ipò gíga nínú iṣẹ́ ìjọba tàbí tí ó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ lọ́yà. Ẹ sọ fún wa, níbo ni ọmọ alẹ́kọ yóò ti rí adájọ́ tí yóò dúró fún un? Àwọn ènìyàn pariwo, ìjọba sì gbọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, a fọwọ́ sí òfin mìíràn tí ó yọ àwọn ìdènà náà kúrò, tí ó sì dá àjọ NELFUND sílẹ̀.

Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ọmọ tí ó bá ti rí àyè ní yunifásítì ìjọba, ní pọlitẹ́kíníìkì ìjọba tàbí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ti ìjọba ni ó lè bèèrè. Àjọ náà yóò san owó ilé-ẹ̀kọ́ tààrà fún ilé-ẹ̀kọ́, kì í fi lé ọmọ lọ́wọ́. Ọmọ tí ó bá fẹ́ tún lè gba owó ìgbọ́bùkátà sínú báńkì tirẹ̀. 20,000 náírà lóṣù ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Kò ní èlé. Ìgbà tí ọmọ bá ti sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ tán, tí ọdún méjì sì ti kọjá, ni sísan padà yóò tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó gbà á síṣẹ́ yóò sì máa yọ ìdá 10 nínú 100 owó oṣù rẹ̀. Títí di ọdún 2025, àwọn tí ó ti jàǹfààní rẹ̀ ti lé ní 500,000.

Àwọn àgbà kan sọ fún wa pé, “Tíṣà, ẹ fẹ́ sọ ọmọ wa di ìwọ̀fà.” A kò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ẹni tí ó mọ ohun tí ìwọ̀fà jẹ́ yóò bẹ̀rù gbèsè. Láyé àtijọ́, ẹni tí ó yá owó lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ lọ sin ẹni tí ó yá a lówó. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe ni èlé. Ó lè ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́wàá kí owó náà má dín ní kọ́bọ̀ kan. Ẹ̀yáwó yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Kò ní èlé, iye tí ọmọ bá yá ni yóò san, láti inú owó oṣù tí ìwé tí ó kà mú wá fún un. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ gbèsè lé ọmọ sẹ́yìn nígbà tí àyè wà nílẹ̀.

Ṣùgbọ́n a kò ní purọ́ fún yín pé ó ti parí gbogbo nǹkan. Àléébù mẹ́rin ni a rí.

Ìkínní: kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò tíì rí àyè. Owó ìwé JAMB, owó ìdánwò yunifásítì, owó ọkọ̀ lọ síbi ìdánwò, gbogbo rẹ̀ ni ó ṣáájú ẹ̀yáwó. Ibẹ̀ gan-an ni ọmọ alẹ́kọ ti ṣubú, ní ìdí ilẹ̀kùn.

Ìkejì: ìwé rẹ̀ kò rọrùn fún ará oko. Ó fẹ́ nọ́ńbà NIN, ó fẹ́ BVN, ó fẹ́ kí orúkọ bá ara mu níbi gbogbo. A mọ ọmọ kan tí wọ́n kọ orúkọ bàbá rẹ̀ ní ọ̀nà mẹ́ta lórí ìwé mẹ́ta. Oṣù mẹ́rin ni ó fi ń tún un ṣe.

Ìkẹta: owó náà lè dé ilé-ẹ̀kọ́ kí ọmọ má mọ̀. Ní ọdún 2025, ẹ̀sùn jáde pé àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan kò tètè sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé a ti san owó wọn, àjọ ICPC sì kéde pé òun ń ṣe ìwádìí. Nítorí náà, kí gbogbo òbí máa bèèrè ìwé ẹ̀rí owó.

Ìkẹrin: ẹ̀yáwó gbára lé iṣẹ́. Ẹni tí kò bá ríṣẹ́, kí ni yóò fi san? Bí iṣẹ́ kò bá sí ní ilẹ̀ yìí, ohun tí ó pa ìgbìmọ̀ ti àwọn ọdún 1970 lè tún pa èyí.

OHUN TÍ ILẸ̀ Ẹ̀YIN TÍ Ẹ WÀ LÓKÈÈRÈ KỌ́ WA

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní Ìlú Ọba lè bá wa jẹ́rìí. Ní ọdún 1962 ni òfin mú un ní dandan fún ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀ láti ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́, kì í sì í ṣe ẹ̀yáwó nígbà náà. Ní ọdún 1998, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba 1,000 pọ́n-ún lọ́dún. Ní ọdún 2012, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó lè dé 9,000. Ní ọdún 2016, a mú ẹ̀bùn owó ìgbọ́bùkátà kúrò fún àwọn ọmọ tuntun, a sọ ọ́ di ẹ̀yáwó. Àwọn tí ó wọlé láti ọdún 2023 yóò máa san ẹ̀yáwó wọn fún ogójì ọdún kí ìyókù tó di ìdáríjì. Ọgbọ̀n ọdún ni fún àwọn tí ó ṣáájú wọn. Nígbà kan náà, Skọ́tílándì kò gba owó ìkọ́ni lọ́wọ́ ọmọ ilẹ̀ rẹ̀.

Ohun méjì ni a rí kọ́. Ohun tí ìjọba kan fẹ́ ṣe ni ó ń ṣe. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé kò sí ọ̀nà mìíràn. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀yáwó tí ó bẹ̀rẹ̀ bí àtìlẹ́yìn lè di àrọ́pò, díẹ̀díẹ̀, títí ìjọba yóò fi yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Èyí ni kí a ṣọ́ra fún nílé. Ẹ̀yáwó kò gbọ́dọ̀ di ìdí tí a ó fi máa gbé owó ilé-ẹ̀kọ́ sókè lọ́dọọdún. Kí àwọn tí ń ṣojú wa ní ilé ìgbìmọ̀ gbọ́ ọ láti ẹnu Ẹgbẹ́ yìí: kí owó tí ó tọ́ sí yunifásítì máa lọ ní àkókò rẹ̀, kí ẹ̀bùn owó wà fún ọmọ aláìní pátápátá, kí ẹ̀yáwó sì jẹ́ èkejì sí wọn.

OHUN TÍ A DÁBÀÁ FÚN ẸGBẸ́ WA

A kò fẹ́ kí a sọ̀rọ̀ ìjọba tán kí a máa lọ sílé. Ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ wa pọ̀. Àbá mẹ́rin ni a mú wá.

Èkínní: kí Ẹgbẹ́ ṣètò owó kékeré kan, tí a lè pè ní Owó Ẹnu-Ọ̀nà, fún àwọn ìnáwó tí ẹ̀yáwó ìjọba kò dé: ìwé ìdánwò, owó ọkọ̀, owó ìgbàwọlé. Kí ìgbìmọ̀ ẹni mẹ́ta ní àṣẹ láti san án tààrà fún ilé-ẹ̀kọ́ láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Owó tí ó dé lẹ́yìn tí àyè ti bọ́ kò yàtọ̀ sí omi tí a bu fún ẹni tí òùngbẹ ti pa kú.

Èkejì: kí a yí ọ̀nà tí a fi ń fúnni ní ẹ̀bùn padà. Kí a máa yẹ́ ẹni tí ó ṣe ìkínní sí pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí àti ìwé kíkà, ṣùgbọ́n kí owó máa lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó rí àyè tí kò sì ní ohun tí yóò fi lọ. Àwọn kan yóò ní èyí yóò mú kí àwọn ọmọ ya ọ̀lẹ. Rárá o. Ẹni tí yunifásítì gbà wọlé ti kọjá ìdánwò. Kò tún yẹ kí a fi owó òbí rẹ̀ dá a ní ìdánwò kejì. Kí àwọn olórí àdúgbò, àwọn olùkọ́ àti àwọn ìyá ọjà jọ jẹ́rìí sí ipò òbí, kí ó má baà di ti ojúsàájú.

Ẹ̀kẹta: kí àwọn olùkọ́ àti àwọn ọ̀dọ́ tí ó mọ kọ̀ǹpútà máa jókòó nínú gbọ̀ngàn yìí ní ọjọ́ Sátidé kan lóṣù, láti bá àwọn ọmọ kọ ìwé ẹ̀yáwó, kí wọ́n sì tún orúkọ wọn ṣe kí ó tó di kánjúkánjú. Àwa olùkọ́ ti gbà láti ṣe é láìgba kọ́bọ̀.

Ẹ̀kẹrin: kí ẹni tí Ẹgbẹ́ bá ràn lọ́wọ́ mọ̀ pé nígbà tí ó bá ríṣẹ́, òun náà yóò ran ẹnì kan. A kò ní fi ọlọ́pàá mú un. Ọ̀rọ̀ ọlá ni. Kí a sì máa ka ìṣirò owó náà sí etí gbogbo ènìyàn lọ́dọọdún, iye tí ó wọlé àti iye tí ó jáde, láìdárúkọ ọmọ tí a ràn lọ́wọ́, kí ìtìjú má baà tún dá òbí kankan dúró sílé.

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Amẹ́ríkà àti níbi gbogbo, ẹ ti ṣe gudugudu méje. Ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn yìí, yín ni. Àga tí a jókòó lé, yín ni. A kò ní kí ẹ má kọ́ ilé mọ́. Ohun tí a ń bẹ̀ yín ni pé kí ìdá kan nínú owó ọdún tí ń bọ̀, kí a tó fi ṣe ògiri, lọ sínú Owó Ẹnu-Ọ̀nà. Àwọn baba wa ló sọ pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Gbọ̀ngàn yìí ti ń dàgbà. Àwọn tí yóò máa tọ́jú rẹ̀ lẹ́yìn wa dà?

Kábíyèsí, ẹ̀yin àgbà, a ti sọ tiwa. Ọmọ alẹ́kọ tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti tún ra ìwé JAMB ní ọdún yìí, pẹ̀lú owó tí bàbá kan dá padà sínú àpò Ẹgbẹ́. Ó ń ránṣọ ní ọ̀sán, ó ń kàwé ní alẹ́. Bí orúkọ rẹ̀ bá tún jáde, ọ̀sẹ̀ méjì ni a ó ní. A bẹ̀ yín, kí a má tún dìde ní alẹ́ ọjọ́ tí ó kẹ́yìn.

Kí Olódùmarè bùkún ìlú wa, kí ó jẹ́ kí ọmọ wa ju wá lọ. Àṣẹ.